Ìpín Kẹ́hìndé ní Ọjọ́ Ìbòjú

Ó ku ìṣẹ́jú kan kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, gbogbo àdúgbò wa sì ti gbójú sókè, a ń wo igi. Àwọn ọmọdé wà níwájú, àwa òbí wà lẹ́yìn wọn, oníkálukú di ọwọ́ ọmọ tirẹ̀ mú gírígírí. Ìdòwú, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta, kò lè dúró sójú kan nínú aṣọ elégédé tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta rán fún un.

"Mọ́mì, ṣé ó ti tó?"

"Ó kù díẹ̀. Fara balẹ̀."

Fèrè fọn. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo ewé òpópó wa já lára igi, pupa fòò àti pupa rúsúrúsú, ó ń dà sí wa lórí bí ẹni ń tú gààrí láti inú àpò. Àwọn ọmọ kígbe ayọ̀. Lókè àwọn òpó, àwọn ojú ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìpéǹpéjú irin wọn dé lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ́, kọ́, kọ́, títí dé ìsàlẹ̀ òpópó. Wákàtí méjì ni wọ́n máa ń fi dijú. Nínú ọdún kan gbáko, wákàtí méjì yẹn nìkan ni èèyàn lè bo ojú rẹ̀ nílùú yìí kí wọ́n má wá mú un.

Àwọn arúgbó tó bá òtútù gidi láyé sọ pé nígbà tiwọn, ewé máa ń já fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé kò sí ẹni tó ń tẹ bọ́tìnnì fún un. Mo máa ń rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àmọ́ èmi tí wọ́n bí ní Ìkìrun, kí ni mo mọ̀ nípa ìgbà ìwọ́wé? Àwọn arúgbó yẹn kan náà ló ń pe ọjọ́ yìí ní Halowíìnì. Ọjọ́ Ìbòjú ni ìjọba kọ sí kàlẹ́ńdà, òun náà ni àwa ń pè é.

Ọkọ mi, Ládipọ̀, fi ọwọ́ méjèèjì kó ewé jọ, ó gbé Ìdòwú jù sáàárín rẹ̀. Ẹ̀rín pa ọmọ náà. Táíwò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, fò bọ́ sínú ewé náà pẹ̀lú ìbòjú òwìwí rẹ̀. A ti jà lórí ìbòjú yẹn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní kò sí ọmọ tí mo bí tó máa fi orí ara rẹ̀ gbé òwìwí wọ ilé mi. Ó ní tíṣà àwọn ní òwìwí gbọ́n ju gbogbo ẹyẹ lọ. Mo ní tíṣà wọn kò gbé Ìkìrun rí. Níkẹyìn, bàbá rẹ̀ lọ rà á fún un lẹ́yìn mi, méjì ló sì rà wá sílé, nítorí kò sí ohun tí a ń ra ní ẹyọ kan fún Táíwò.

Inú mi dùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ìyókù.

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Òbí kò gbọ́dọ̀ kọjá géètì. Ọmọdé nìkan ni ilẹ̀kùn máa ń fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé kí àwọn ọmọ lè gbádùn ara wọn ni wọ́n ṣe ṣòfin yẹn. Táíwò á di Ìdòwú lọ́wọ́ mú, wọ́n á gun àtẹ̀gùn, ilẹ̀kùn á sì kí wọn.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin olójú bíbò. Ẹ mélòó ni yín?"

"Méjì!"

Súìtì méjì á já bọ́ sínú agbọ̀n wọn, ọ̀kan fún orí kọ̀ọ̀kan. Wọn kì í fúnni lé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ títí a fi dé ilé kọkànlá, tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń fi ohùn ìyá àgbà sọ̀rọ̀.

"Ẹ mélòó ni yín, ẹ̀yin ọmọ mi?"

Táíwò wo agbọ̀n rẹ̀. Bóyá ohùn ìyá àgbà náà ló tàn án. "Mẹ́ta," ó dáhùn.

"Èémí ẹni méjì ni mò ń gbọ́."

"Kẹ́hìndé ni ìkẹta. Èkejì mi ni. Ẹ fún mi ní tiẹ̀."

"Níbo ni Kẹ́hìndé wà?"

Mo la ẹnu láti pè é, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó wà nílé wa. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Súìtì tó pupa ló fẹ́ràn."

Lẹ́yìn náà, súìtì méjì já bọ́, ìkẹta tẹ̀ lé wọn, pupa ni. "Ẹ bá mi kí i káàbọ̀," ohùn ìyá àgbà náà sọ.

Èmi ni mo fà á, n kò ní purọ́. Ọdún méjì sẹ́yìn, gbogbo wa lọ sí Ìkìrun lọ kí ìyá mi, ibà kọ lu Kẹ́hìndé, ọmọbìnrin mi kejì, lọ́jọ́ kẹrin, kò lò ju ọjọ́ méjì lọ. Ibẹ̀ la fi í sí. Nígbà tí a padà dé, ẹ̀rọ tó wà ní ẹnubodè kà wá, ó ní èèyàn márùn-ún ló jáde, mẹ́rin ló wọlé, ìkarùn-ún dà? Ládipọ̀ la ẹnu, àmọ́ èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní, "Ó rìnrìn-àjò." Ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà nìyẹn. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀rọ̀ ikú kan ìbejì, pàápàá níṣojú èyí tó kù, kí òun náà má baà ní òun ń tẹ̀ lé e lọ. Ẹ̀rọ kò mọ ìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́: arìnrìn-àjò, àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ra bàtà fún Táíwò, mo ra méjì. Bí mo bá bu oúnjẹ, mo bu sí àwo méjì. Mo sì kọ́ ọ pé níbikíbi tí wọ́n bá ti fún un ní nǹkan, kó gba ti Kẹ́hìndé. Ó ń ṣe bí mo ṣe kọ́ ọ ni.

A ò tíì dé géètì wa tí gbogbo ilẹ̀kùn òpópó náà fi pohùn pọ̀: "Ẹ bá ilé kẹtàdínlógún yọ̀! Ọmọ wọn, Kẹ́hìndé, ti ti ìrìn-àjò dé!" Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́ láti abẹ́ ìbòjú wọn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì ń juwọ́ sí wọn.

Ilẹ̀kùn tiwa dúró kí gbogbo wa wọlé tán kó tó sọ tirẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni ohùn rẹ̀. "Ẹ kú oríire o. Kí Kẹ́hìndé wá dúró níwájú mi kó ṣí ojú, kí àwọn ojú ìlú tó là ní aago mẹ́fà. Ilé tó bá fi ọmọ pamọ́, ẹ mọ ohun tí òfin sọ."

A mọ̀ ọ́n. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ ilé kẹrin lọ sí Ilé Àgbàtọ́, kẹ̀kẹ́ wọn ṣì wà níwájú ilé, ó ń dípẹtà, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án.

Ládipọ̀ fà mí wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà ṣọ̀ọ̀. Bí omi bá ń dà, etí ilẹ̀kùn kì í gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ. Gbogbo tọkọtaya ìlú yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Arínọlá, sọ ọ́ kó tán," ó ní. "Sọ fún un pé ọmọ náà kú. Wọ́n á pa àyè rẹ̀ rẹ́, wọ́n á kọ lẹ́tà ìbáwí sí wa, ó parí."

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, Bàbá Ìbejì."

"Wọn ò ní gbà á lẹ́nu mi. Ìwọ lo sọ pé ó rìnrìn-àjò, ìwọ náà ló gbọ́dọ̀ yí i padà."

"Níṣojú Táíwò?"

Ó wo ilẹ̀. "Níṣojú gbogbo ẹni tó ń gbénú ilé. Bí òfin ṣe wí nìyẹn."

Mo jókòó sí etí bàáfù, mo sunkún. Mo gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ náà sínú ọwọ́ mi, kí n kàn gbọ́ bó ṣe máa rí. Kò jáde. Ọkọ mi kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó dúró tì mí, ó fọwọ́ lé mi léjìká, àmọ́ mo rí i tó ń wo aago. Aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún.

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kan fèrèsé ilé ìdáná lẹ́yìn, mo sì lọ ṣí i. Ẹ̀rọ tó ń kó ewé ti dé ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń bú ramúramù, òun nìkan ni kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn gbọ́. Obìnrin kan ló dúró sábẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ dúdú bojú. Nígbà tó ṣí i, mo rí i pé Ìyá Tómi ni, ará Ìṣẹ́yìn tó ń gbé ilé kọkàndínlógún. A ti jọ wà níbí fún ọdún mẹ́jọ. Kò bi mí rí níbi tí Kẹ́hìndé wà. Ọmọ Yorùbá ni bíi tiwa, ó mọ ohun tí a ń pè ní ìrìn-àjò ìbejì.

Ó di ọmọ kan lọ́wọ́ mú, tó wọ ìbòjú ehoro. Tómi àti àbúrò rẹ̀, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin ni èyí.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni. Fèyíṣọlá. Àyè ọmọ méjì ni wọ́n fún ilé wa, kì í ṣe mẹ́ta bíi tiyín, òun ni ìkẹta. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ti ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti bí i." Ó sọ ọ́ láìmí. "Ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ Ìbòjú nìkan ló fi ń rí ìta. Ó ti ń ga, Ìyá Ìbejì. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò gbà á mọ́. Wọ́n ní Kẹ́hìndé ti dé. Ẹ gbà á. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Kẹ́hìndé."

Ládipọ̀ ti dé ẹ̀yìn mi. "Ìyá Tómi, ẹ ṣàánú wa. Bí àṣírí bá tú, gbogbo wọn ni wọ́n máa kó lọ. Táíwò. Ìdòwú. Tiyín náà."

"Mo mọ̀, Bàbá Ìbejì."

"Kí ni yóò máa pè yín tó bá rí yín lójú títì?" mo bi í.

"Kò ní pè mí. Mo ti sọ fún un." Ó tún okùn ìbòjú ọmọ náà so. "Ó gbọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò mọ ariwo í pa."

Mo wo ọmọ náà. Ó na ọwọ́ sí ewé kan tó wà lára fèrèsé, ó ń fi ìka tọ́ ọ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò dá lójú pé wọ́n máa jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Tí mo bá sọ fún ilẹ̀kùn pé ọmọ mi kú, àwọn ọmọ mi yóò sùn sílé lónìí láìsí ewu kankan, èyí yóò sì padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù títí wọ́n á fi rí i. Tí mo bá gbà á, mo fi àwọn ọmọ mi méjèèjì dógò nítorí rẹ̀.

Ẹ má rò pé àánú nìkan ló ṣe mí. Èmi fúnra mi ti rò ó títí, n kò lè tan ara mi. Mo fẹ́ má sọ ọ̀rọ̀ yẹn ni. Mo fẹ́ bu oúnjẹ sí àwo méjì, kí èèyàn méjì jẹ ẹ́. Mo na ọwọ́ jáde, mo gbé ọmọ náà gba ojú fèrèsé wọlé. Kò wúwo rárá.

Ládipọ̀ kò bá mi jà. Ó ti fèrèsé náà, ẹ̀rọ ewé ṣì ń bú lóde, ó fi orí ti ògiri, ó ní, "Ojú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ojú Kẹ́hìndé lọ́wọ́."

"Ojú ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n ní lọ́wọ́."

"Bí kò bá jọ ọ́, Táíwò ni wọ́n máa bi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje kì í purọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwé òfin wọn sọ."

N kò ronú kan ìyẹn. Mo sáré wọ pálọ̀. Táíwò jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú Ìdòwú, wọ́n ń ya súìtì wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pupa kan dá wà. Mo fẹ́ gbé e lọ sí balùwẹ̀, kí n kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Àmọ́ ilẹ̀kùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo ń gbọ́ èémí ẹni márùn-ún nínú ilé. Kí gbogbo ilé wá."

A tò síwájú rẹ̀. Iná aláwọ̀ aró tàn yọ lára rẹ̀, ó ń rìn lójú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà dúró láàárín, ó gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ ológun, ó ṣì wọ ehoro rẹ̀ sójú. Táíwò ń wò ó. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

"Kí Kẹ́hìndé ṣí ojú."

Ọmọ náà ṣí i. Ojú rẹ̀ funfun bíi ti ẹni tí kò rí oòrùn. Iná náà dúró lé e lórí, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ojú yìí kò jọ èyí tó wà lọ́wọ́ mi tó," ilẹ̀kùn sọ. Jẹ́jẹ́ ló ṣì ń sọ̀rọ̀. "Táíwò, o kò tíì pé ọdún méje. Wò ó dáadáa. Ta nìyí?"

Ládipọ̀ gbé Ìdòwú mọ́ àyà, ó ń wo ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ sá. N kò lè ṣẹ́jú sí Táíwò, ilẹ̀kùn ń rí wa. Mo kàn ń gbàdúrà nínú mi, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún, kó sọ òtítọ́ tàbí kó má sọ ọ́.

Táíwò bọ́ òwìwí rẹ̀ kúrò lójú. Ó súnmọ́ ọmọ náà títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá yíjú, ó wò mí, kì í ṣe bí ọmọdé ṣe ń wo ìyá rẹ̀. Ó pẹ́ tó fi wò mí.

"Kẹ́hìndé ni," ó wí. "Ó ti ga jù mí lọ."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ṣé èèyàn máa ń gbàgbé èkejì rẹ̀ ni?"

Iná aró kú. "Káàbọ̀, Kẹ́hìndé," ilẹ̀kùn sọ. "Àyè rẹ ti kún. Ìwọ àti Táíwò yóò jọ máa lọ sílé ẹ̀kọ́ láti ọ̀la." Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni fèrè aago mẹ́fà fọn. Mo gba ojú wíńdò wo ìta. Àwọn ojú ìlú ń là, kọ́, kọ́, kọ́, gbogbo ènìyàn ń sáré bọ́ ìbòjú. Ìyá Tómi dúró láàárín òpópó tí ẹ̀rọ ti gbá mọ́ tónítóní. Ó bọ́ aṣọ dúdú náà, ó ká a mọ́wọ́, ó sì rìn wọ ilé rẹ̀ láìwẹ̀yìn.

Ládipọ̀ jókòó sórí àga, Ìdòwú ń fi súìtì sí i lẹ́nu. Èmi kó àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi gbígbóná fún wọn, mo sì lọ wá tówẹ̀lì. Méjì ni mo mú, bí mo ṣe máa ń mú un. Nígbà tí mo padà, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí díẹ̀. Wọ́n jókòó kojú ara wọn nínú bàáfù, omi ṣì ń dà. Táíwò ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn ọmọ náà.

"Orúkọ ẹ gan-an ńkọ́?" ó bi í.

"Mọ́mì mi ní n kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ mọ́."

"Ó dáa. Kẹ́hìndé tèmi ti kú. Ní Ìkìrun. Mo rí i nígbà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé e." Ó bu omi dà sí i lẹ́yìn. "Má sọ fún Mọ́mì o. Wọn ò mọ̀. Wọ́n ṣì ń bu oúnjẹ fún un."

Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì méjèèjì títí omi fi tutù, n kò lè wọlé.